Ṣé Mo Lè Ní Dókítà Nítòsí Ibi Iṣẹ́ Mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì, Chatham ní Kent ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọmọ ọdún 3 ń gbé, nítorí owó ilé ibẹ̀ ni apá wa ká. Ṣùgbọ́n Lewisham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó padà délé.

Ẹni ọdún 41 ni mí. Wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òògùn méjì ni mo sì ń lò sí i. GP (dókítà àdúgbò) wa ní Chatham ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò, àmọ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí fóònù wọn, àsìkò yẹn gan-an ni mo sì máa ń wẹ̀ fún àwọn ìyá arúgbó níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo bá fi máa ráyè pè, wọ́n á ní àyè ti tán. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òfin kò gbà kí èèyàn ní dókítà ní àdúgbò tí kò gbé. Òmíràn ní kí n fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lewisham sínú fọ́ọ̀mù, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Màmá mi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn láti wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa, ìtọ̀ ṣúgà sì ń ṣe wọ́n. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ dókítà Lewisham ni?

Ìyá Ọlọ́mọ, Chatham

ÌDÁHÙN

Ìyá Ọlọ́mọ wa, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i pé àwọn tó ń tọ́jú ẹlòmíràn ni kì í ráyè tọ́jú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: òfin gbà á. Ẹni tó ń gbé ní Chatham lè ní GP ní Lewisham láì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ará ilé yín ni ètò náà máa ṣe láǹfààní, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́lẹ̀ rí, GP kọ̀ọ̀kan ní ààlà tó pa yí àdúgbò rẹ̀ ká. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lóde ààlà náà, wọ́n á ní kó wá ibòmíràn lọ. Ní 2012 ni ìjọba dán ọ̀nà mìíràn wò ní àwọn ìlú bíi Westminster, Manchester, Salford àti Nottingham, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọlé wá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n á padà sílé wọn lálẹ́. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2015, gbogbo GP ní England ló ti ní àǹfààní láti gba ẹni tó ń gbé lóde ààlà wọn. Ẹ kíyè sí i pé GP ni wọ́n fún ní àǹfààní yìí, wọn kò sọ ọ́ di dandan fún un. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀nà jìn jù, tàbí pé irú ìtọ́jú tí ara yín ń fẹ́ gba kí dókítà sún mọ́ ilé yín, wọ́n lè ní àwọn kò lè gbà yín. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún yín láàárín ọjọ́ 14. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ yín nítorí àwọ̀ yín, ẹ̀sìn yín tàbí ọjọ́ orí yín. England nìkan ni mo ń sọ o. Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Glasgow, Cardiff tàbí Belfast, ètò tiyín yàtọ̀. Lọ́dọ̀ GP àdúgbò yín ni kí ẹ ti béèrè.

Ohun tí ẹ máa pàdánù

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni pé, GP tó bá gba ará ìta ààlà kò sí lábẹ́ dandan láti wá a wá sílé. Bí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀ ní Chatham tí ẹ kò lè dìde, dókítà Lewisham kò ní wọkọ̀ wá bá yín. Aago 111 ni ẹ máa pè. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru sì ni wọ́n ń gbé e. Wọ́n á bi yín ní ohun tó ń ṣe yín, wọ́n á sì darí yín sí ibi ìtọ́jú tó sún mọ́ ilé yín, tàbí kí wọ́n ṣètò bí ẹnì kan ṣe máa wá wò yín. Bí ó bá jẹ́ àyà ló ń dùn yín gidigidi, tàbí ẹnu ṣàdédé wọ́, tàbí apá kan kò ṣeé gbé mọ́, ẹ má pe 111, ẹ má sì pe GP kankan: 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò nílé, agbẹ̀bí tó ń wá wo ìyá àti ìkókó, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ibi tí aláìsàn ń gbé ni púpọ̀ nínú wọn ń wò kí wọ́n tó gbà á. Abẹ́ àjọ ìlera Kent àti Medway ni Chatham wà, Lewisham sì wà lábẹ́ ti gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí dókítà kọ láti ọ̀kan sí èkejì lè pẹ́ lọ́nà kó tó kan ẹni tó yẹ kó kàn. Ní ti ọsibítù ńlá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan èyí tí ẹ fẹ́ bí dókítà bá fẹ́ fi yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ẹ sọ fún un kó tó kọ̀wé, bóyá Medway Maritime ní Gillingham ló rọ̀ yín lọ́rùn ni, tàbí ti Lewisham.

Ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́ rẹ̀ sì ń lọ níbi iṣẹ́, ni ètò yìí wà fún. Ẹ̀yin fúnra yín wà lára irú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún lóyún lọ́jọ́ iwájú, tàbí bí àìsàn bá sọ yín di ẹni tí kì í lè jáde nílé, ẹ padà sọ́dọ̀ GP Chatham láì fi falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n yín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ire ni ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn ń rò, àmọ́ wàhálà ni ìmọ̀ràn náà máa bí. Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù GP ni NHS (ètò ìlera ìjọba) máa ń lò fún gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni ìwé ìpè àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ń lọ, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin láti ọdún 25 títí dé 64. Ibẹ̀ ni ìwé ọjọ́ ọsibítù ń lọ. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó sùn sórí tábìlì ará ilé ẹlòmíràn títí ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá, tí ọsibítù sì yọ orúkọ aláìsàn kúrò lórí ìlà nítorí wọ́n rò pé kò fẹ́ ìtọ́jú mọ́. Lóru tí ara bá sì le, tí ọkọ yín bá pe 111, ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Lewisham ni wọ́n máa bá nínú àkọsílẹ̀.

Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Irọ́ tí èèyàn kò nílò rárá tiẹ̀ ni èyí, nítorí òfin ti ṣílẹ̀kùn fún yín. Ohun kan wà tí ilé ẹ̀gbọ́n yín lè wúlò fún: bí ẹ bá máa sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí iṣẹ́, tí ara yín kò sì yá, ẹ lè ní kí GP Lewisham gbà yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó máa wà ní àdúgbò kan ju wákàtí 24 lọ, ṣùgbọ́n tí kò ní tó oṣù 3, ni ètò ìgbà díẹ̀ wà fún, GP yín ti Chatham kò sì ní yọ yín kúrò nínú ìwé wọn nítorí rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní Chatham

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú nǹkan mẹ́ta. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn GP England tó wà ní àdúgbò kan náà ti ń pawọ́ pọ̀ rí aláìsàn láti aago mẹ́fà ààbọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, àti láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lè má jẹ́ ilé GP tiyín gan-an ni wọ́n máa ní kí ẹ wá, ó lè jẹ́ ti ẹlẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò náà. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọ́n sì lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í gbọ́ nípa àkókò yìí nítorí wọn kò béèrè. Bí ẹ bá pè, ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ rí dókítà. Ẹ sọ pé àkókò ìrọ̀lẹ́ tàbí ti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ ń fẹ́.

Èkejì, kò pọn dandan kí ẹ bá ogunlọ́gọ̀ du fóònù ní aago mẹ́jọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ti pa á láṣẹ fún àwọn GP ní England kí wọ́n ṣí ọ̀nà ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ pàjáwìrì. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán yín, ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo lè wá."

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń so mọ́ òkè apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ gbé apá lé orí tábìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí GP. Bí iye tí ẹ ń rí nílé bá ń kọjá 135/85, òògùn yín ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa adúláwọ̀, kì í sì í sábà dun ẹnikẹ́ni títí yóò fi kọlu ọpọlọ, ọkàn tàbí kíndìnrín. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ GP yín já sí, ẹ má ṣe dá òògùn dúró.

Bí ẹ bá wá fẹ́ lọ sí Lewisham

Bí Chatham kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá GP tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibi iṣẹ́ yín. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: "Chatham ni mo ń gbé, àdúgbò yín ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ máa ń gba ẹni tó ń gbé lóde ààlà yín?" Ẹ wádìí bóyá gbogbo ìtọ́jú ni wọ́n máa fún yín, tàbí èyí tí kò ní wíwá síni wò nílé nínú. Nítorí bí Chatham ṣe jìn tó, èyí tó gbẹ̀yìn ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní òfin kò gbà á, ẹ rọra ní kó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ ètò yìí.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló ti yẹ kí gbogbo GP ní England máa gba orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́ẹ̀sì yín ní Chatham àti GP tí ẹ ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa béèrè. Nọ́ńbà NHS yín, tó jẹ́ nọ́ńbà 10, máa mú kí ó yá, àmọ́ ẹ lè forúkọ sílẹ̀ láìsí i. Wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tàbí ìwé iná ilé wá, ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá ní wọn, ìyẹn nìkan kò tó ìdí láti kọ̀ ọ́. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ fisa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ní GP.

Èèyàn kò lè wà nínú ìwé GP méjì títí lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí Lewisham bá gbà yín ni orúkọ yín máa kúrò ní Chatham, àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín á sì tẹ̀ lé yín lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí kúrò, ẹ gba òògùn tó máa tó yín lò fún oṣù kan ó kéré tán. Ẹ ya àwòrán páálí òògùn méjèèjì sínú fóònù yín, kí iye mílígíráàmù rẹ̀ hàn kedere, kí dókítà tuntun lè rí i.

Ìwé òògùn kò ní wàhálà, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni GP ń gbà fi í ránṣẹ́. Ẹ lè yan ilé òògùn tó wà nítòsí ilé yín ní Chatham bí GP yín tilẹ̀ wà ní Lewisham, ẹ sì lè yí i padà nínú áàpù NHS nígbàkígbà. £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí òògùn kọ̀ọ̀kan ní England ní àkókò tí mo ń kọ èyí. Òògùn méjì lóṣooṣù máa jẹ́ £237.60 lọ́dún. Ìwé àsansílẹ̀ ọlọ́dún kan wà tó jẹ́ £114.50, tó sì kárí gbogbo òògùn tí wọ́n bá kọ fún yín láàárín ọdún náà. Wọ́n lè máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú báǹkì yín.

Ọmọ yín àti Màmá

Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ ní Chatham. Òfin kò sọ pé ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ GP kan náà. Chatham ni ọmọ ọdún 3 ń sùn sí tó ń jí sí, ibẹ̀ ni ibà ti máa mú un, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa wà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ń bá ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ń gbé rìn. Bí ọkọ yín bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí ilé, ẹ jẹ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nínú ìwé ọmọ ní GP, kí ó lè mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láì dúró dè yín.

Chatham náà ni kí ẹ mú Màmá lọ. Oṣù méjì tí wọ́n fẹ́ lò bá ètò ìgbà díẹ̀ tí mo sọ lókè mu. GP kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rí i ní England, àlejò pẹ̀lú. Ọsibítù ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìtọ́jú pàjáwìrì ní A&E jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí wọ́n ní kó wá rí onímọ̀, owó ni, ó sì lè tó ìlọ́po kan ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná NHS. Ẹ bá wọn ra ìbánigbófò ìrìn-àjò kí wọ́n tó gbéra ní Ìbàdàn, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò náà pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Kí wọ́n kó òògùn tó máa tó wọn fún gbogbo oṣù méjèèjì dání nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà wọn tó kọ orúkọ òògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan. Inú báàgì ọwọ́ ni kí òògùn wà, kì í ṣe nínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú.

Èrò mi nìyí, Ìyá Ọlọ́mọ: ẹ kọ́kọ́ béèrè àkókò ìrọ̀lẹ́ tàbí ti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Chatham. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ dúró síbẹ̀, nítorí kò sí GP tó dà bí èyí tó sún mọ́ ibùsùn ẹni. Bí wọn kò bá rí i ṣe, ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ lọ sí Lewisham, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì yín tòótọ́, kí ọkọ, ọmọ àti Màmá wà ní Chatham. Bí Lewisham bá kọ̀ yín, GP àdúgbò yín ṣì wà fún yín. Ohun tí kò dára ni pé kí ẹ máa ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ọdún á fi tún yí, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ kọ̀wé sí GP yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yòókù tó ń jí kúrò nílé ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ sì ní àìsàn tó yẹ kí dókítà máa bójú tó, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí.